Ẹ̀dá-ìtàn tó jáde kúrò nínú ìwé: báwo ni a ṣe lè ṣe é nínú fíìmù tí òǹwòran kò fi ní pè é ní òògùn?

Akọ̀wé Ṣápọ́n:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe fíìmù tipẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ràn à ń wò ó. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin fẹ́ ṣe fíìmù kékeré kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, tí kò ní ju ìṣẹ́jú 25 lọ. Ìtàn náà nìyí. Ìyá àgbà kan ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣápọ́n, ìwé àlòkù ni ó sì fi ń di ẹ̀pà fún oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó gbé àpò lẹ́tà kọ́ èjìká, tí bàtà rẹ̀ ń dán, dúró síwájú àtẹ rẹ̀. Ó ní inú ìwé ìtàn kan tí ìyá ń fa ojú ewé rẹ̀ ya ni òun ti wá, pé apínlẹ́tà ni òun nínú ìwé náà, àti pé ojú ewé tó kẹ́yìn ni òun ń wá kiri, nítorí òun kò mọ bí ìtàn òun ṣe parí.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbogbo ẹni tí mo sọ ìtàn yìí fún nílé wa ni ó bi mí ní ìbéèrè kan náà: “Ta ló ṣe é? Babaláwo wo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí?” Èmi kò fẹ́ babaláwo níbẹ̀, n kò sì fẹ́ wòlíì tí yóò wá lé ẹ̀mí jáde. Mo fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣáà dé bí òjò ṣe ń dé, kí àdúgbò sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Kí ni kí n ṣe tí àwọn òǹwòran wa yóò fi gbà á?

Olùkọ́ Ìbarà:

Akọ̀wé, ẹ kú làákàyè. Irú ìtàn tí ẹ ń sọ yìí ni àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ń pè ní magical realism. Ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Franz Roh, ará Jámánì, lò ó ní ọdún 1925 fún àwọn tí wọ́n ń ya ohun ojoojúmọ́ lọ́nà tí ohun náà fi ń ṣàjèjì lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn òǹkọ̀wé Gúúsù Amẹ́ríkà gbà á, tí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé àrà ṣẹlẹ̀ láàrin ọjà, láàrin ilé, níbi tí a ti ń jẹun, kò sì sí ẹni tó dúró láti tú ìdí rẹ̀.

Fíìmù tí mo fẹ́ kí ẹ wò kí ẹ tó kọ ìlà mìíràn ni The Purple Rose of Cairo, tí Woody Allen ṣe ní 1985. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Cecilia, tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ìlú kan ní New Jersey nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ń lọ wo fíìmù kan náà léraléra láti gbàgbé ìyà tí ọkọ rẹ̀ fi ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, Tom Baxter, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú fíìmù ọ̀hún, yíjú sí i láti ojú àwòrán, ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ẹ kíyè sí ohun tí fíìmù náà ń ṣe lẹ́yìn èyí. Owó ni ó di wàhálà: Tom mú Cecilia lọ jẹun ní ilé oúnjẹ olówó ńlá, nígbà tí ó tó àkókò láti san owó, owó eré ni ó bá lápò rẹ̀. Ó fi ẹnu ko Cecilia lẹ́nu, ó sì ń retí kí ojú ibi gbogbo ṣókùnkùn, nítorí pé nínú fíìmù tirẹ̀, ibẹ̀ ni àwòrán máa ń parẹ́. Ọkọ Cecilia lù ú nílùkulù, irun orí rẹ̀ kò tilẹ̀ dàrú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ lójú àwòrán ń bá ara wọn jà, nítorí ìtàn wọn kò lè rìn mọ́ láìsí i.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé olùdarí eré náà kò sọ bí Tom ṣe jáde rárá, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wa nípa ohun tí Tom kò mọ̀ ọ́n ṣe ní ayé. Òǹwòran tó bá ti ń ronú nípa bí ọkùnrin yìí yóò ṣe san owó oúnjẹ kò ráyè béèrè ẹni tó gbé e jáde mọ́.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́:

Mo bọ̀wọ̀ fún Olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a da gbogbo àlàyé nù. Ìbéèrè “ta ló ṣe é” kì í ṣe àìmọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí eré wa ti kọ́ òǹwòran pé bí àrà bá ṣẹlẹ̀ ní àgbéléwò, ọwọ́ ẹnìkan wà níbẹ̀. Láti ayé Hubert Ogunde ni, ẹni tó gbé Aiye jáde ní 1979. Bákan náà, ẹ wo Saworoide tí Túndé Kèlání, ẹni tó dàgbà ní ìlú wa níbí, ṣe ní 1999. Wọ́n ti jẹ́ kí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé májẹ̀mú so ọba, adé àti ìlù pọ̀. Lápité, ọba inú fíìmù náà, kọ̀ láti ṣe ètùtù tó yẹ, síbẹ̀ ó gbé adé lé orí, nígbà tí ìlù náà sì dún, ó pa á. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó wò ó pẹ̀lú mi béèrè bí ìlù ṣe ń pa ènìyàn. Àlàyé wà níbẹ̀, ó kàn ti wọ inú ìtàn lọ bí iyọ̀ ṣe ń wọ ọbẹ̀ ni. Bí ẹ bá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun, ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ènìyàn yóò rò pé ẹ̀yin fúnra yín kò mọ ìtàn yín.

Kámẹ́rà Láfẹ́nwá:

Ohun tí Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́ sọ yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an, ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ṣe fíìmù kan tí ọmọbìnrin tó wà lára páálí ìpolówó ọṣẹ fi sọ̀ kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù. A fi èéfín sí i, a fi mànàmáná sí i, a sì fi ìró àrá kún un, nítorí a rò pé báyìí ni a ṣe ń jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ pé ohun ńlá ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fi í han àwọn ará àdúgbò, bí ọmọ náà ṣe fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ báyìí, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ni gbọ̀ngàn náà fi gbà á. Láti ìgbà náà títí tí fíìmù fi parí, wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Eré ìfẹ́ ni a sì ṣe o! Inú mi bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ẹ̀bi náà lé òǹwòran lórí. Ìgbà tí mo tún fíìmù ọ̀hún wò ní èmi nìkan ni mo rí i pé wọn kò ṣàṣìṣe. Èéfín, mànàmáná àti àrá ni eré wa fi ń sọ pé àjẹ́ tàbí oṣó dé. Àwa ni a sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbọ́ wa yékéyéké.

Nítorí náà, Akọ̀wé, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ó má mì. Ẹ kọjú rẹ̀ sí àtẹ ìyá. Kí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gba iwájú kámẹ́rà kọjá. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá tán, apínlẹ́tà ti dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa gé àwòrán, kẹ̀kẹ́ náà yóò sì bo ojú ibi tí ẹ gé e. Kí ó jẹ́ ìró gúgúrú tó ń bẹ́ nínú ìkòkò nìkan ni a ń gbọ́, kí ó má dákẹ́, kí ó má sì pọ̀ sí i. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Nínú Sherlock Jr., tí Buster Keaton ṣe ní 1924, ọkùnrin tó ń yí fíìmù ní ilé sinimá sùn, ó lá àlá, ó sì rìn wọ inú àwòrán lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ìtàgé gidi ni wọ́n kàn kọ́ sí ibi tí aṣọ sinimá yẹ kí ó wà, wọ́n tan iná sí i kí ó dà bí àwòrán, Keaton sì gun orí rẹ̀. Ní ibi tí ìlẹ̀ ti ń yí padà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, láti ọgbà sí ojú títì sí etí òkun, ohun èlò àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni wọ́n fi wọn ibi tí ó dúró sí, kí ara rẹ̀ má bàa fò láti àwòrán kan sí èkejì. Ẹ mú okùn àti ṣọ́ọ̀kì dání. Ẹ ya àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ òṣèré wà.

Ẹ sì ya á ní ìdájí, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Aláró Ìtòkú:

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, bí mo ṣe ń dúró de aṣọ kí ó gbẹ. Èmi kì í ṣe onífíìmù, iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ìyá tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ọ̀kan nínú wọn ni ó bí mi. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè ẹni tó ṣe é. “O káàárọ̀, ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” ni yóò kọ́kọ́ sọ, yóò sì na ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Bí ọmọkùnrin náà bá wá jókòó, nígbà náà ni yóò bi í pé, “Ọmọ ta ni ọ́? Agboolé wo?” Ẹ̀gbá ni wá. Yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ará Aké ni, tàbí Òkè-Ọnà, tàbí Gbágùrá, tàbí Òwu, yóò sì béèrè oríkì rẹ̀ kí ó lè kí i dáadáa.

Ibẹ̀ ni kí ẹ mú un. Ẹni tó kọ ìwé náà kò kọ orúkọ ìyá apínlẹ́tà síbẹ̀, nítorí ìtàn kò béèrè rẹ̀. Kò kọ oúnjẹ tí ó jẹ láàárọ̀. Kò sọ ọ́ ní oríkì. Bí ìyá bá ti béèrè, kí ọmọ náà la ẹnu, kí ó wá a, kí ó má rí nǹkan kan sọ. Ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbé, kò sí níbẹ̀ rí ni. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà pẹ́ lójú ìyá, nítorí pé ẹni tí kò ní oríkì lẹ́nu níwájú ìyá àgbà Ẹ̀gbá, àánú rẹ̀ ni yóò ṣe ìyá náà kí ẹ̀rù rẹ̀ tó bà á. Ẹni tó bá wo ojú yẹn kò ní rántí babaláwo mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ aṣọ kún un. Bí a bá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí a bá sì fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, kì í tíì dúdú. Ó máa ń ní àwọ̀ bíi ti ewé. Atẹ́gùn ni ó ń kọlù ú tí ó fi ń yí padà di aró lójú ẹni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọ ẹ̀wù funfun fún apínlẹ́tà yín, kí ó funfun bí ojú ìwé. Lẹ́yìn tí ó bá ti jẹun lọ́wọ́ ìyá, ẹ jẹ́ kí ó wọ irú ẹ̀wù kan náà tí a ti rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó bá ti mọ orúkọ àwọn aládùúgbò, kí a ti rì í lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹnikẹ́ni nínú eré má ṣe mẹ́nu kàn án. Mo lè bá yín rẹ ẹ̀wù mẹ́rin, ẹ ṣáà gbé aṣọ wá.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlẹ̀wó:

Ìbéèrè kan péré ni tèmi: ìwé ta ni apínlẹ́tà yìí ti jáde? Bí ẹ bá mú ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé gidi, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà tí ọdún 2022, ẹ̀tọ́ lórí ìwé wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, láti òpin ọdún tí ó kú. Fágúnwà kú ní 1963, èyí ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di òpin 2033. Tutuola kú ní 1997, tirẹ̀ di òpin 2067. Bí ìwé náà bá jẹ́ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín hùmọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ẹ tẹ ẹ̀yìn ìwé náà fúnra yín, ẹ má ṣe gbé ìwé ẹlòmíràn sí iwájú kámẹ́rà. Kí ẹ tó fi fíìmù náà han gbogbo ènìyàn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò.

Olùkọ́ Ìbarà:

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́, mo sì gbà á. N kò sọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Àlàyé tó wà nílẹ̀ kí àrà tó ṣẹlẹ̀, bí májẹ̀mú inú Saworoide, a máa gbé ìtàn ró. Èyí tí a wá fi dí ihò lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí ni ó ń bà á jẹ́. Aláró sì ti fún wa ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láìpè é ní òfin: ohun tí òǹkọ̀wé kò kọ, apínlẹ́tà kò ní i.

Ọmọ ìlú wa ni ẹni tó mọ ọ̀nà yìí jù. Ní Abẹ́òkúta ni a bí Amos Tutuola ní 1920, ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard sì jáde ní 1952. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tí ẹwà rẹ̀ pé wá sí ọjà, ọmọbìnrin kan sì tẹ̀ lé e nígbà tí ó ń lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń rìn nínú igbó ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tí ó háyà wọn lọ́wọ́ wọn, ó ń san owó háyà, títí ó fi ku agbárí lásán. Ní ibòmíràn nínú ìwé náà, ọ̀mùtí ẹmu tó ń sọ ìtàn náà àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti pẹ́nì 6, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yá ẹlòmíràn ní èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Ìgbà tí mo ka iye owó yẹn ní kékeré ni mo gba gbogbo ìtàn náà gbọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àgbà tó yí mi ká ń sọ ọ̀rọ̀ owó, títí dé orí pẹ́nì. Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ iye tí ó ń ta ẹ̀pà. Ẹ jẹ́ kí a mọ iye tí ó ra òkìtì ìwé àlòkù náà, àti ọwọ́ ẹni tí ó ti rà á.

Ohun kan ṣì kù tí a kò tíì fọwọ́ kàn: ta ni kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀? Nínú Ruby Sparks, tí ó jáde ní 2012, òǹkọ̀wé kan kọ nípa obìnrin kan, obìnrin náà sì di ènìyàn nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ pé èdè Faransé ni obìnrin náà ń sọ, Faransé ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa sún mọ́ òpin, ó ti di ìwà ìkà lójú wa. Zoe Kazan, tó ṣe obìnrin náà, ni ó kọ ìwé eré rẹ̀, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí ìrora ẹ̀dá-ìtàn fi hàn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn tiyín, òǹkọ̀wé kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìwé ni ìyá, òun ni ó sì fa ojú ewé ìkẹyìn ya.

Aláró Ìtòkú:

Olùkọ́, ohun tí ó gbà mí lọ́kàn nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn. Ìyá yìí ti lè fi ogójì ọdún di ẹ̀pà. Òpin ìtàn àwọn ènìyàn mélòó ni ó ti fi lé ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ ní òwò ẹ̀pà díẹ̀, tí epo ẹ̀pà ti rin ín, tí wọ́n sì ti sọ ọ́ sí gọ́tà? Kò mọ̀, kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá wá dúró síwájú rẹ̀ báyìí, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, gbèsè ni. Ẹ má jẹ́ kí ó bẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ká àtẹ kúrò nílẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀, ohun tí kò ṣe rí, kí òun pẹ̀lú ọmọ náà jọ máa wá ojú ewé náà kiri ní Ṣápọ́n.

Kámẹ́rà Láfẹ́nwá:

Àpò lẹ́tà ọ̀hún ńkọ́? Bí ohun tí òǹkọ̀wé kò kọ kò bá sí, òǹkọ̀wé kò kọ ohun tó wà nínú àwọn lẹ́tà náà. Bí ẹnìkan bá já ọ̀kan, ìwé funfun ni yóò bá nínú rẹ̀.

Akọ̀wé Ṣápọ́n:

Kí Ọlọ́run bù kún gbogbo yín. Òru àná ni mo fi tún ìwé eré kọ, ohun tí Kámẹ́rà sọ kẹ́yìn yẹn ni ó sì tú ìdí ìtàn náà fún mi. Wọn yóò rí ojú ewé ìkẹyìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ṣùgbọ́n epo ẹ̀pà yóò ti jẹ́ kí lẹ́tà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ara wọn, tí a kò ní lè kà á. Ìyá yóò jókòó sórí àpótí rẹ̀. Yóò ní kí ọmọ náà gbé lẹ́tà kan jáde nínú àpò, yóò já a, yóò rí i pé funfun ni, yóò sì pe ọmọbìnrin kékeré tó máa ń wá ra gúgúrú nígbà tí ilé-ìwé bá ṣẹ́. Yóò ní kí ó yọ báírò. Ohun tí ìyá yóò pè fún un láti kọ kì í ṣe òpin ìtàn, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Oríkì ni. Àjàní ni yóò sọ ọ́, yóò sì fi oríkì ilé tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí wọ́n ṣe ń kí àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí, ọmọbìnrin náà yóò sì máa kọ ọ́ títí ìwé yóò fi kún. A kò ní rí i pé apínlẹ́tà padà sínú ìwé, a kò sì ní rí i pé kò padà. Ẹ̀wù rẹ̀ yóò ti dúdú bí aró ní ìran yẹn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sì gbọ́ ìró gúgúrú.

Ìyá mi Aláró, mo ń gbé yáàdì aṣọ funfun mẹ́wàá bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́bọ̀, bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Agbẹjọ́rò, ìwé tiwa ni, a ti kọ ojú ewé méjìlá nínú rẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó ti pọ́n. Ọjọ́ Sátidé ni a ó ya ìran àkọ́kọ́, láago mẹ́fà ìdájí. Ohun tí a kò tíì rí ni àpò lẹ́tà aláwọ ti àtijọ́, irú èyí tí àwọn apínlẹ́tà ń gbé kọ́ èjìká. Ẹni tí bàbá tàbí bàbá-bàbá rẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ náà, tí àpò náà sì wà nílé, kí ó jọ̀wọ́ yá wa di ọjọ́ Ajé.